Orí Kẹta: Ọ̀kan Kì í Jẹ́ "Wọ́n"

"Ọ̀kan kì í jẹ́ 'wọ́n'," ni ẹ̀rọ náà wí, ó sì kẹ̀yìn sí Ìbídùn.

Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a kọjú sí olúwarẹ̀; bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a yí ọrùn sí ògiri, a sì dákẹ́. Òun ni ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń gba ẹ̀rí, Etí-Ìlú ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń pè é. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ó ti kẹ̀yìn sí ènìyàn mẹ́fà kí ó tó kan Ìbídùn.

"Kí ló ń wí?" ni Ìbídùn bi akọ̀wé tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. "Mo ní òṣìṣẹ́ kan ni mo ní. Ṣé kò gbọ́ 'kan' ni?"

Lánípẹ̀kun ni orúkọ akọ̀wé náà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó ń fi ìka lu tábìlì bí àgbà tí sùúrù rẹ̀ ń tán lọ.

"Ó gbọ́ 'kan', mà. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ 'wọ́n'. Ẹ ní, 'Òṣìṣẹ́ kan ni mo ní. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ogún ọdún.' Létí ẹ̀rọ yìí, 'ó' ni ẹnì kan, 'wọ́n' ni ènìyàn púpọ̀. Ó wá pín owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ fi pamọ́ fún òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú tiyín mọ́ bí òfin ti fẹ́."

"Ó pín in? Ta ló ní kó pín in?"

"Ẹnu yín ni, mà."

Lẹ́yìn Ìbídùn, lórí àga tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, Bàbá Ọnàfowókàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí bàbá náà, irun funfun báláú, ṣùgbọ́n ẹnu kò tíì gbó.

"Kí ó fi ẹnì kejì hàn mí," ni bàbá náà wí. "Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi gbé bátìrì."

Àwọn tí ó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Etí ọ̀sà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí òun àti bàbá náà ti ń tú bátìrì ọkọ̀ ojú omi palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de epo, ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú kò yàtọ̀ sí igi tí ó léfòó. Òní ni ọjọ́ tí ó kẹ́yìn tí ọ̀gá iṣẹ́ kékeré lè jẹ́rìí sí owó ìfẹ̀yìntì. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù, ilẹ̀kùn yóò tì. Ọdún mọ́kàndínlógún ti wà ní orúkọ Ọnàfowókàn nínú ẹ̀rọ náà, ọdún yìí ni ó sì máa sọ ọ́ di ogún. Ẹni tí ó ní ogún ọdún yóò máa gba owó lóṣooṣù títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tí ó ní mọ́kàndínlógún yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú bàbá náà kò sì lè gba ọdún kan sí i. Ní oṣù tí ó kọjá, okùn iná pupa jọ dúdú lójú, ìka mẹ́ta sì jóná.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ fún mi ní ìwé," ni Ìbídùn wí. "Màá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere."

"Ìwé kẹ̀? Ta ló tún ń gba ìwé gbọ́, mà? Ẹ̀rọ tó wà lápò yín lè kọ ìwé ogún ọdún láàárín ìṣẹ́jú kan, kó lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn, kó sì jẹ etí ìwé náà bí ẹni pé ikán ló jẹ ẹ́. Ẹnu ara ẹni nìkan ló kù tí òfin gbọ́kàn lé."

"Ẹnu ara ẹni náà ni mo fi sọ ọ́! Ìyá mi jẹ́rìí níbí fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọjọ́ kan tí ó kẹ̀yìn sí wọn."

"Ṣé ìyá yín dàgbà ju bàbá lọ?"

"Wọ́n fi ọdún mẹ́ta jù wọ́n lọ."

"Ẹ rí i báyìí. 'Ó' ni ìyá yín ń pe bàbá." Lánípẹ̀kun na ọwọ́ méjèèjì. "Níbo ni ìyá wà?"

"Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní tiwọn. Àgbádárìgì ni wọ́n wà, wọ́n ń sùn títí di agogo mẹ́sàn-án."

Etí-Ìlú ta ọrùn padà láti ara ògiri. "Àwọn ìyá mélòó?"

Lánípẹ̀kun yára fi ẹ̀wù àwọ̀lékè ara rẹ̀ bo orí idẹ náà. Ẹ̀rín tún sọ nínú ìtò. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, mà. Bí kò bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ yìí, ẹ̀ bá ti máa san owó orí ìyá mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà fún ẹnikẹ́ni láti jẹ́rìí. Ẹ ti lo ọ̀kan."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mi ò ní pe 'wọ́n', mi ò sì ní pe 'ó'. Orúkọ ni màá máa pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Akọ̀wé ká aṣọ kúrò. Idẹ náà kọjú sí i, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó ń fẹ́ gbọ́ àṣírí.

"Òṣìṣẹ́ kan ni mo ní," ni Ìbídùn wí, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ bí ẹyin. "Bàbá Ọnàfowókàn ni. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí mo rí pamọ́ fún ara mi. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ Bàbá pamọ́ fún Bàbá."

"Mo gbọ́ bàbá," ni Etí-Ìlú wí. "Ẹbí ọ̀gá kì í ṣe òṣìṣẹ́. Owó tí o fi pamọ́ fún bàbá rẹ di èrè rẹ. Owó orí wà lórí rẹ̀." Ó sì yí sí ògiri, akọ̀wé sì tún fi aṣọ bo orí rẹ̀.

"Bàbá mi kọ́!"

"Ẹ pè wọ́n ní bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, mà," ni Lánípẹ̀kun wí.

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n pè wọ́n? Bọ̀dá?"

"Bọ̀dá ṣì jẹ́ ẹbí," ni Bàbá Ọnàfowókàn wí. "Gbìyànjú 'ọ̀rẹ́kùnrin'."

"Bàbá! Ẹ̀ ń ṣeré!"

Láti inú ìtò, obìnrin kan tí ó ní ilé iṣẹ́ àwọ̀n ẹja kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá! Èmi náà ní àgbàlagbà méjì lọ́dọ̀, agogo méjìlá sì ku ogún ìṣẹ́jú."

Bàbá Ọnàfowókàn dìde kúrò lórí àga, ó sì wá dúró síwájú Ìbídùn. Eré ti kúrò lójú bàbá náà.

"Ìbídùn."

"Sà."

"Pè mí ní 'ó'. Mo yọ̀ǹda rẹ̀."

"Mi ò lè ṣe é, sà."

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò tó èémí kan."

"Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi bí a ti ń di okùn mọ́ ẹnu bátìrì kí n tó mọ bí a ti ń wé gèlè. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Nígbà tí àkúnya omi dé, èjìká yín ni mo gùn lọ sílé ìwé, tí omi mu yín dé àyà. Kí n wá jókòó níbí báyìí, kí n máa wí pé 'ó ṣe báyìí, ó ṣe bọ́ọ̀hún', létí gbogbo ènìyàn, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́? Ẹ̀rí tí a jẹ́ níbí kì í parẹ́. Ọmọ-ọmọ mi lè wá bi ẹ̀rọ yìí léèrè, kí ó sì gbọ́ ohùn mi."

"Kí ni yóò gbọ́? Pé ìyá ńlá òun kò jẹ́ kí ebi pa arúgbó kan."

Ìbídùn wo ilẹ̀. Bàbá náà rọ ohùn sílẹ̀ débi pé Lánípẹ̀kun nìkan ni ó tún lè gbọ́.

"Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ojú mi tàn ọ́ láti ọdún kan, tí mò ń sọ pé gíláàsì ojú mi ni ó dọ̀tí. Kì í ṣe gíláàsì. Lánàá, mo mọ okùn kan yàtọ̀ sí èkejì nítorí mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ṣé o fẹ́ kí n máa fi ahọ́n tọ́ iná wò fún ọdún kan sí i nítorí kí ahọ́n tìrẹ má baà ṣẹ̀?"

Ìbídùn mọ̀ nípa ojú náà. Ohun tí kò mọ̀ ni ti ahọ́n. Ó dúró, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì, ó ń wọn ohun méjì tí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ láti wọ̀n rí: ọ̀wọ̀ tí ó wà lẹ́nu àti ọ̀wọ̀ tí ó wà lọ́wọ́. Bí ó bá di ti ẹnu mú, ọwọ́ á ṣófo. Bí ó bá di ti ọwọ́ mú, yóò gbé ẹnu kan lọ sílé tí kò ní jọ tirẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí ẹ̀yìn idẹ tí ó ń dán náà, inú sì bí i sí i bí ẹni pé ènìyàn ni.

"Etí burúkú ni ọ́! Ogún ọdún lo ti wà láàárín Yorùbá, o kò mọ àgbà. Ta ni o rò pé ó ń dá ṣọ́ọ̀bù mi dúró? Bàbá ni ó kọ́ mi níṣẹ́! Bàbá ni ó ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀! Bàbá ni ó..."

Ìka Lánípẹ̀kun dúró lórí tábìlì. "Ẹ tún un sọ, mà."

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹ pe bàbá ní 'ó'."

"Èmi? Ká má rí i!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo ilé ló gbọ́."

"Lóòótọ́ ni," ni Bàbá Ọnàfowókàn wí, tí ojú sì ń tàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò dùn mí."

"Mo ní, 'Bàbá ni ó kọ́ mi níṣẹ́.' Báwo ni ènìyàn ṣe tún ń sọ ọ́? Bí mo bá ní 'Bàbá ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́', ẹni tó bá gbọ́ á rò pé àlejò ni mí, pé àná ni mo ti òkè òkun dé."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn, mà!" Akọ̀wé ti dìde dúró, kò sì mọ̀ pé òun ti dìde. "A máa ń ní, 'Ọba ni ó pàṣẹ.' Ta ni wọ́n ti mú rí pé ó rí ọba fín? 'Èmi ni ó jẹ̀bi.' 'Ẹ̀yin ni ó kàn.' 'Àwọn àgbà ni ó mọ̀ ọ́n.' 'Ó' tí ó bá tẹ̀lé 'ni' kì í ṣe 'ó' tí a fi ń rí ènìyàn fín. Kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà, kò mọ ẹnì kan, kò mọ ọgọ́rùn-ún. Ó kàn ń di gbólóhùn mú ni, kí ó má baà wó."

"Bí afárá ni," ni bàbá náà wí. "Ọba ń gbà á, ẹlẹ́ja ń gbà á. Afárá kì í bi ọ́ léèrè oyè."

"Ẹ̀rọ yìí ńkọ́?" ni Ìbídùn béèrè. "Kí ni yóò gbọ́?"

"Ẹ̀rọ kò mọ̀ ju pé ó gbọ́ 'ó'. Ẹnì kan ni yóò kà."

Ìbídùn wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Orúkọ bàbá tó ń sọ wọ́n di ẹbí mi ńkọ́? N kò lè já orúkọ lásán lù wọ́n lórí."

"Ẹ pè wọ́n ní Alàgbà."

"Mọ́sáláṣí ni mò ń lọ o," ni bàbá náà wí. "Ẹ má fi owó ìfẹ̀yìntì sọ mí di alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Àgbà lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀, sà. Ìmáàmù kò ní gbọ́."

"Ahọ́n mi á tún sọ 'fún wọn'," ni Ìbídùn wí. Ó ti jókòó, ó ń ka ọ̀rọ̀ lórí ìka bí ọmọ ilé ìwé. "'Mo fi pamọ́ fún wọn.' Báwo ni mo ṣe máa yẹ ìyẹn sílẹ̀?"

"Ẹ gbé orúkọ síwájú, mà. 'Alàgbà Ọnàfowókàn ni mo fi í pamọ́ fún.' Bí ẹ bá ti dé 'fún', ẹ pa ẹnu dé. Ẹ má fi nǹkan kan lé e, bó ti wù kó máa yún yín lẹ́nu."

"Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú méje!" ni oníṣẹ́ àwọ̀n kígbe.

Akọ̀wé ká aṣọ kúrò, Etí-Ìlú sì yí padà.

"Òṣìṣẹ́ kan ni mo ní," ni Ìbídùn bẹ̀rẹ̀. "Alàgbà Ọnàfowókàn ni ó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí mo rí lọ́dún yìí, ara mi ni mo fi í pamọ́ fún. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ mi, Alàgbà Ọnàfowókàn ni mo fi í pamọ́ fún."

Ó pa ẹnu dé. Idẹ náà kò kẹ̀yìn. Ó tún tẹ̀ síwájú sí i, débi pé Ìbídùn rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó fẹ̀ tí ó sì wọ́.

"Ọdún mọ́kàndínlógún wà ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà," ni Etí-Ìlú wí. "Èyí ni ogún. Kí ni òṣìṣẹ́ náà yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀?"

Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìdáhùn ìyẹn. Ètè Ìbídùn yọ síwájú, ó ká bí ètè ẹni tí ó fẹ́ pe 'wọ́n'. Lánípẹ̀kun fi ọwọ́ bo ojú. Ìbídùn gbé ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó wá ọ̀nà yí ká gbólóhùn náà bí ẹni tí ó ń wá ibi tí okùn ti já.

"Ìsinmi," ni ó wí níkẹyìn. "Ìsinmi ni ó kàn. Alàgbà Ọnàfowókàn ni ó fẹ́ fẹ̀yìn tì."

"Mo gbọ́ 'ó'," ni Etí-Ìlú wí. "Ọ̀kan ni. Ìdá kan fún ọ̀gá, ìdá kan fún òṣìṣẹ́. Wọ́n dọ́gba. Owó orí kò kan èyíkéyìí nínú wọn."

Kí ẹnikẹ́ni tó lè pàtẹ́wọ́, ọrùn gígùn náà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ìbídùn, ó sì dúró níwájú àga òṣìṣẹ́, níbi tí bàbá náà ti padà jókòó.

"Ìwọ Ọnàfowókàn. Ṣé o gba ẹ̀rí yìí?"

"Yéè!" ni oníṣẹ́ àwọ̀n wí. "Ó ní 'ìwọ'!"

Bàbá Ọnàfowókàn wo idẹ náà láti òkè délẹ̀, kò sì fọhùn. Láìsí ìdáhùn òṣìṣẹ́, ẹ̀rí kì í fìdí múlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ìbídùn wí, tí ó ti wà lórí orúnkún. "Ẹ má bínú sí i."

"Ta ní ń bínú? Mò ń ronú ni. Ọmọ ọdún mélòó ni nǹkan yìí?"

"Ogún, sà," ni Lánípẹ̀kun dáhùn.

"Áà. Kò burú. Mo mọ ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì mọ àgbà." Bàbá náà tún ohùn ṣe. "Mo gbà, ọmọ mi. Kí o dàgbà, kí o gbọ́n."

"Ogún ọdún pé," ni Etí-Ìlú wí.

Ariwo sọ. "Ẹ kú orí ire o, bàbá! Ẹ máa jẹ ẹ́ pẹ́!" Oníṣẹ́ àwọ̀n ti dé ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn, ó di í lápá mú. "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló tẹ̀lé kí ni? 'Ó' tẹ̀lé 'ni' àbí 'ni' tẹ̀lé 'ó'?"

"'Ni' ló ṣáájú, mà. Bí ẹ bá dé 'fún', ẹ dákẹ́."

"Méjì ni tèmi, wọ́n sì dàgbà jù mí lọ. 'Ó' kò ní bà á jẹ́?"

Ìbídùn ronú. "'Wọ́n' ni kí ẹ máa pe tiyín, mà. Inú ẹ̀rọ náà máa dùn."

Lánípẹ̀kun ti sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ kan dí ilẹ̀kùn, ó sì ń ké sí àwọn mẹ́fà tí a ti kẹ̀yìn sí láàárọ̀, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn ní etí ọ̀sà, tí wọ́n ti sọ ìrètí nù. "Ẹ padà wá! Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún yín! Ẹni tó bá ti wà nínú ilé kí agogo tó lù, ó di dandan ká gbọ́ tirẹ̀!" Wọ́n sì ń bọ̀, ẹlòmíràn mú bàtà lọ́wọ́.

Nínú gbogbo ariwo yìí, bàbá náà kò kúrò lórí àga.

"Ṣé ó ti parí, Ìbídùn?"

"Ó ti parí, sà."

"Mo rò pé ara máa ń fúyẹ́ ju báyìí lọ." Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú, èyí tí omi bátìrì ti jẹ, tí ìka mẹ́ta lára wọn ṣì wà nínú aṣọ funfun. "Kí ni wọ́n máa ṣe lọ́la?"

"Àwọn ta ni, sà?"

"Àwọn wọ̀nyí. Wọ́n máa jí ní agogo márùn-ún, bí ìṣe wọn. Wọ́n máa wá okùn."

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Ẹ kó wọn wá kí mi, sà. Màá fi omi gbígbóná sí abọ́, màá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun síwájú wọn. Wọn ò ní fọwọ́ kan bátìrì."

"Wọn ò ní fọwọ́ kan bátìrì," ni bàbá náà tún wí, bí ẹni tí ó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu, ó sì tàn ká gbogbo ojú. "Ìwọ, pe ẹ̀rọ yẹn wá. Sọ fún un pé 'wọ́n' nìyí. Méjì gérégé ni wọ́n. Kí ó kà á."